Ọjọ́ Kan Ṣoṣo ní Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Adó-Èkìtì

   

Iṣẹ́ alukoro ni láti ròyìn. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ti ṣe láti ọdún mẹ́wàá wá wà nínú ìwé yìí pẹ̀lú fọ́tò: ìsìnkú òbí, ìgbéyàwó, ìṣílé, ìwé tí a rà fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. A kò ní tún un kà fún yín. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn olóyè ní kí a sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ìrìn-àjò ọdún kẹwàá tí a lọ sí Àgbádárìgì. Ọjọ́ kan péré la fi rìn nínú ìlú náà. A óò sọ bí a ṣe lò ó, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lè rí ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, a ní ẹ̀bẹ̀ kan láti bẹ ilé.

Nígbà tí àbá náà kọ́kọ́ dé ìpàdé, ẹnu wa kò kò. Apá kan ní kí á lọ sí òkè òkun ká lọ ya fọ́tò. Apá kan ní kí á pa owó náà pọ̀ mọ́ owó aṣọ. Ọ̀kan nínú wa wá dìde, ó ní, "Ibi tí wọ́n ti ta èèyàn, ṣé ibẹ̀ la ti ń ṣọdún? Kí ni ọmọ olókè ń wá létí òkun?" Ilé pa rọ́rọ́. Ìbéèrè gidi ni. A kò rí ìdáhùn fún un lọ́jọ́ náà. A kàn dìbò, àwọn tó fẹ́ lọ pọ̀ jù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lóṣooṣù. Ẹni tó béèrè ìbéèrè náà dá owó tirẹ̀ pé, ó sì bá wa lọ.

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì la wọ bọ́ọ̀sì ní Fájuyì, àwa 28, tọkùnrin tobìnrin. A gba Aramọkọ, Ìtáwúrẹ́, Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn dé Èkó, a sì já sí ọ̀nà Mile 2 lọ sí Àgbárá. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan rí Àgbádárìgì, kó lọ sùn síbẹ̀ mọ́jú. Bó bá ní òun yóò ti Èkó gbéra láàárọ̀, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lè jẹ ìdajì ọjọ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìkejì, ẹ wá amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú. Ìkẹta, ẹ wọ bàtà tí yóò gba iyanrìn, ẹ gbé omi dání, ẹ sì mú owó lọ́wọ́, nítorí ibi tí ẹ ó dé pọ̀, ibi kọ̀ọ̀kan ló sì ní owó ìwọlé tirẹ̀.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé la ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà. Ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀. Ọdún 1863 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún yẹn náà ni Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ló dára kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n to ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ: bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn, bí wọ́n ṣe ń kó wọn gba inú igbó wá, bí wọ́n ṣe ń tà wọ́n, ibi tí ọkọ̀ ń gbé wọn lọ. Àwọn ará Ẹ̀gùn ló ni ìlú náà, Akran sì ni oyè ọba wọn. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti apá kan ìkọkàndínlógún, Àgbádárìgì wà lára àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ará Brazil láì mọ ẹni tí yóò bá wọn ránṣẹ́ sílé.

Láti ibẹ̀ ni a ti fẹsẹ̀ rìn dé Vlekete, níbi tí ọjà ẹrú wà nígbà náà. Òrìṣà ló ni orúkọ yẹn. Amọ̀nà wa sọ pé agboòrùn kan ni wọ́n fi ń ra ogójì èèyàn. Àwa tí a ń jẹun nídìí báǹkì nínú ẹgbẹ́ yìí wo ara wa lójú, torí ìṣirò ni iṣẹ́ wa. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò ìgbà náà ni pé owó ẹyọ, tábà láti Bàhíà, ọtí, ìbọn àti aṣọ ni wọ́n fi ń ra èèyàn. Owó ẹyọ náà, láti erékùṣù Maldives, lọ́hùn-ún lápá ìlà-oòrùn ayé, ni wọ́n ti ń kó o wá. Ẹ bá wa rò ó wò: wọ́n ṣa ìkarahun létí òkun kan, wọ́n fi ra ọmọ ẹni létí òkun mìíràn. Ìwé ìṣirò wọn pé. Iye tí wọ́n rà wà níbẹ̀, iye tí wọ́n tà wà níbẹ̀. Orúkọ èèyàn ni kò sí níbẹ̀.

Ilé tó kàn ni ilé àwọn Mobee. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ló mì wá jù. Bàbá ńlá wọn ṣòwò ẹrú. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ kò fi pamọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń kó ẹ̀wọ̀n náà hàn fún àlejò: ẹ̀wọ̀n ọrùn, ẹ̀wọ̀n ọwọ́, ṣẹkẹṣẹkẹ tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ ẹni méjì pọ̀, irin tí wọ́n fi ń há ẹnu. Wọ́n jẹ́ kí a gbé e wò, ó wúwo. Ìyálóde ẹgbẹ́ wa mú èyí tó kéré jù nínú ẹ̀wọ̀n ọwọ́, ó fẹ́ wọ̀n ọ́n mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kò wọlé. Wọ́n sọ fún un pé ti ọmọdé ni. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó sì jáde síta.

Ilé mélòó nínú ilé wa ló lè ṣe ohun tí ilé yẹn ṣe? A ní oríkì ìdílé tó ń yin bàbá wa pé ó lẹ́rú lọ́kùnrin, ó lẹ́rú lóbìnrin. Bí wọ́n bá ń kì í, a máa ń náwó, a máa ń jó. A kì í béèrè pé ọmọ ta ni àwọn ẹrú náà. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Ní ilé Seriki Williams Abass, ìtàn náà tún lọ́ mọ́ra. Ilé ẹrú tí wọ́n ń pè ní Brazilian Barracoon ló wà níbẹ̀, yàrá kéékèèké tí wọ́n ń há èèyàn mọ́ títí ọkọ̀ yóò fi dé. Wọ́n ní ogójì yàrá ni, ogójì èèyàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìtàn ilé náà ṣe sọ, ọmọdé ni Abass nígbà tí wọ́n mú òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú dé Brazil. Ó gbọ́ èdè àwọn òyìnbó, ó padà dé, ó sì di oníṣòwò ẹrú. Nígbà tó yá ó di olórí pàtàkì ní agbègbè náà, ó sì kú ní 1919. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n ti bó lọ́rùn ló tún mú ẹ̀wọ̀n náà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wa béèrè bóyá kò rántí ni. Amọ̀nà wa ní, "Ó rántí. Rírántí nìkan kò tó."

Ọ̀sán pọ́n. A jẹun létí ọ̀sà. Ẹja tútù pọ̀, àgbọn pọ̀ bí iyanrìn, àkàsà náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọmọ Èkìtì tí kò bá rí iyán lọ́sàn-án. Ẹni méjì jẹun tán, wọ́n ní àwọn kò tíì jẹun. Ẹ̀rín yẹn ṣe wá lóore, torí ọkàn wa ti wúwo láti àárọ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ la lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ilé àwọn míṣọ́nnárì CMS. 1842 ni wọ́n sọ pé wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Kò tóbi. Àkàbà rẹ̀ há, igi rẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ibẹ̀ la ti sọ̀rọ̀ Àjàyí Crowther. Nígbà tí ogun kó Òṣoògùn ní 1821, ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni. Òyìnbó kọ́ ló wá mú un. Ará ilẹ̀ yìí ló fi okùn sí i lọ́rùn. Wọ́n fi í pàrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tún tà á gba tábà àti ọtí. Ní 1822, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi, ó sì di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Sàró. Ní 1843, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá jáde ní London. Ní January 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì lo ọdún kan ààbọ̀ níbẹ̀ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là. Ní August 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá kan nìyẹn tó gbọ́ ìròyìn ọmọ rẹ̀. Mélòó ni kò gbọ́?

A dúró nínú yàrá yẹn, a ń wojú ara wa. Èdè tí a fi ń kọ ìwé ìkésíni ayẹyẹ yìí, èdè tí a fi ń ka Bíbélì ní Adó, tí olùkọ́ fi kọ́ wa ní a-b-d, ọwọ́ ẹni tí wọ́n tà ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi pàrọ̀ ẹṣin ló padà wá fún wa ní ìwé.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni ìrántí igi Àgíyà wà. Lábẹ́ igi yẹn ni Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti CMS ti wàásù ní ọdún 1842. Igi náà wó ní 1959. Wọ́n sì mọ ohun ìrántí sí ojú ibẹ̀. Ẹ fetí sí èyí, ẹ̀yin ọ̀gbà wa: bàbá Freeman náà ti jẹ́ ẹrú rí. Àwọn tó ṣáájú àwọn oníwàásù náà gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì, láti nǹkan bí 1839, sì ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú padà láti Sàró. Àwọn kan nínú wọn ló kọ lẹ́tà pé kí wọ́n rán oníwàásù àti olùkọ́ wá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọmọ wa mọ́ pé òyìnbó nìkan ló gbé ìwé wá. Àwọn ọmọ tí a tà ló ní kí wọ́n gbé e wá fún wa.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, a wọ ọkọ̀ ojú omi, a gba orí ọ̀sà kọjá sí Gberefu. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ̀ẹ̀kínní nìyẹn. Àwa tí a dàgbà láàárín òkè, ilẹ̀ ló mọ́ wa lára. Àwọn kan di aṣọ ara wọn mú, wọ́n dákẹ́ bí ọmọdé. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a rìn lórí iyanrìn ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà. Kànga kan wà lọ́nà. Wọ́n ní wọ́n máa ń fipá fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Agba-ọ̀rọ̀-sọ wa, ẹ mọ̀ ọ́n, ní, "Ṣé omi yìí kọ́ ni àwọn ọmọ wa ń mu nílé? Wọn kò kúrò ní Adó, wọ́n sì ti gbàgbé." A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Òkun wá là sí wa lójú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀. Láti Adó ni akápò wa ti ń ka orí wa nígbàkígbà tí bọ́ọ̀sì bá dúró, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó ló mọ̀ ọ́n kà. Ní etí òkun yẹn, ó tún kà: 28. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n kó ní Òṣoògùn ti ní ọ̀gbà tirẹ̀. Wọ́n jọ ṣeré òṣùpá, wọ́n jọ lọ sódò. Nígbà tí ogun tú ìlú, ta ló kù tí yóò ka orí wọn? Ẹgbẹ́ ni ogun ẹrú kọ́kọ́ ń tú. Bí wọ́n bá ti já èèyàn kúrò lára àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀, ó di ọjà.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè ọ̀gbà wa yẹn ti dé, kí ni ọmọ olókè ń wá létí òkun. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó ọmọ Èkìtì lọ bí ẹní kó àgbàdo lóko. Nígbà tí àwọn kan nínú àwọn tó bọ́ lóko ẹrú padà dé Èkó, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ti Èkó ló fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé nígbà Ogun Kírìjì, títí àdéhùn àlàáfíà fi wáyé ní September 1886. Ẹni tí wọ́n já kúrò lẹ́gbẹ́ mọ iyì ẹgbẹ́. Àwa tí a jókòó síbí lónìí pẹ̀lú aṣọ kan náà, ohun tí àwọn yẹn pàdánù la ní lọ́wọ́.

Ọ̀gbà wa náà kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà tán o. Ó ní òun ṣì dúró lórí pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi ijó. A gbà fún un. A kò jó. A kò gbé ẹ̀rọ orin jáde. A dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a wọ ọkọ̀ padà, nígbà tí a sì dé òdìkejì ọ̀sà, akápò tún ka orí wa.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Èèyàn pọ̀ tó ń wọ mọ́tò ní Fájuyì lójoojúmọ́. Ẹ lọ bi àwọn ọmọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ pé ta ni Fájuyì. Ọ̀pọ̀ rò pé orúkọ ibùdókọ̀ ni. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó yìí, tí wọ́n pa pẹ̀lú olórí orílẹ̀-èdè tó jẹ́ àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù July 1966. Kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ère rẹ̀ sì wà ní gbangba, síbẹ̀ ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n. Mélòó-mélòó ni àwọn tí kò ní ère?

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan pé, láti ọdún tó ń bọ̀, a ó máa kó 20 ọmọ láti ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba nílùú yìí lọ sí Àgbádárìgì lọ́dọọdún, fún ọjọ́ kan bí èyí tí a lò. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kànga ni ká gbẹ́, tàbí ká ra oògùn sí ọsibítù. A kò ní fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà, kò sì sí ìwé tó lè ṣe ohun tí ẹ̀wọ̀n ọmọdé yẹn ṣe nínú yàrá kan. Owó rẹ̀ yóò ní àkáǹtì tirẹ̀, ẹni mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí i kó tó jáde, a ó sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí ẹgbẹ́ ní gbogbo ìpàdé ọdún. Ohun kan la ó gbà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan kó tó wọ bọ́ọ̀sì: kó kọ́kọ́ jókòó ti àgbà ilé rẹ̀, kó béèrè ta ni ogun kó lọ nílé wọn, ta sì ni ilé wọn kó wá. Ìhà méjèèjì ìwé ìṣirò la fẹ́ kó mọ̀. Bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rọ́ ọ fún un gbọ́dọ̀ la ẹnu.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbà, a fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àbúrò, a fẹ́ kí ẹ gbà á lọ́wọ́ wa nígbà tí ọwọ́ wa bá rọ̀. Ìwé ìdáwó wà lọ́wọ́ akápò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ yín kó hàn ketekete.

Ọdún mẹ́wàá la ń ṣe yìí, a ó ṣe ogún, a ó ṣe àádọ́ta. Ogun kò ní tú ẹgbẹ́ wa, ọ̀tẹ̀ kò ní tú u. Bí a bá ń ka orí, a kò ní ka orí din. Ọmọ wa kò ní di ohun tí wọ́n ń fi pàrọ̀. Ẹni tó bá jáde nílé láyọ̀ lónìí, ayọ̀ ni yóò fi wọlé. Àṣẹ.